Ọsàn Ọwọ́ Òsì

Ọ̀sán gangan ni Latifou wá jí ọmọ inú fíìmù gbé, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, níṣojú gbogbo ará ilé iṣẹ́. Kò já ilẹ̀kùn, kò gba ojú fèrèsé wọlé. Ó wọ aṣọ funfun báláú, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé inú yàrá, ó sì fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ bí ẹni ń mú ìyàwó wálé.

"Ẹ̀gbọ́n Mìkáílù, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí. "Mo ti bá yín rí ọmọ tí ẹ ń wá."

Mìkáílù, tó ni Ilé Fíìmù Ẹ Gbà Wò ní Ifangni, wo ojú ọmọbìnrin náà. Àpá kékeré kan wà lábẹ́ ojú òsì rẹ̀, ibi tó yẹ kó wà gan-an. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra: ó ti ń pariwo pé kí wọ́n tètè gbé omi wá fún àlejò kí Latifou tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Mais, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Chérifath lorúkọ rẹ̀. Òun ló ni ojú rẹ̀, ó sì ti gbé ojú náà fún ilé fíìmù tèmi ní Àjàṣẹ́. Donc, láti Sátidé yìí lọ, kò gbọ́dọ̀ hàn nínú fíìmù yín mọ́. Mo ti fẹjọ́ sun àwọn ọlọ́pàá."

Omi tí wọ́n gbé wá fún àlejò, Mìkáílù fúnra rẹ̀ ló mu ún tán.

Láti Lagbé títí dé Banigbé, ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n nílé ló mọ ọmọ tí à ń wí yìí. Kí fíìmù Ẹ Gbà Wò èyíkéyìí tó bẹ̀rẹ̀, òun ni lógò, òun ló ń kọ́kọ́ jáde. Ọmọbìnrin kékeré kan, bí ọmọ ọdún márùn-ún, á sáré bọ̀ láti iwájú ògiri kan, á fi òsì na ọsàn bíbó sí ẹni tó ń wòran, á ní, "Ẹ gbà!" Obìnrin kan tí a kò rí á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ilé iṣẹ́ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní lẹ́tà pupa, ó tán. Kò pẹ́ ju kí èèyàn sín lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì jáde, àwọn èèyàn ò ní gbà pé fíìmù ti bẹ̀rẹ̀.

Fákáyọ̀dé ló ya àwòrán náà, ọ̀rẹ́ tí òun àti Mìkáílù jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n ní nígbà náà, ìkómọ ni wọ́n sì ń yà kiri abúlé, kí wọ́n tó ki orí bọ fíìmù. Lọ́jọ́ kan Fákáyọ̀dé ti òde ìkómọ dé, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. "Mìkáílù, mo ti rí lógò wa! Ọmọ kan ló sáré fún mi ní ọsàn!" Mìkáílù kò bi í pé ọmọ ta ni, tàbí abúlé wo. Ta ló ń bèèrè irú ìyẹn nígbà tí inú bá ń dùn? Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà àìsàn mú Fákáyọ̀dé lọ. Láti ìgbà náà, bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà sì sáré jáde, ṣe ló máa ń ṣe Mìkáílù bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Ohun tí Latifou fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Latifou yìí kan náà ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, tó jẹ ẹ̀bà rẹ̀, tó tún ń bu ẹran méjì.

Àfọwọ́fà ni Mìkáílù fa ọ̀ràn náà. Sátidé ni àjọ̀dún ilé iṣẹ́, ó sì ti kéde lórí rédíò pé kí ọmọ ọlọ́sàn, tó ti di àgbà báyìí, fara hàn kí wọ́n lè fi í ṣe àlejò pàtàkì. Èrò wá bí omi. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan pàápàá wá, ó ní wọ́n máa ń di irun fún òun ní kékeré. Agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Falilatou wá láti Tchaada, ó ní òun ni, ó sì ní ìyá òun ló ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Òun náà ní àpá lábẹ́ ojú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ni. Mìkáílù sọ fún un pé, "Àbúrò, ojú tó o mú wá kọ́ là ń wá o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Falilatou náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kò fẹ́ da àjọ̀dún ìlú rú nítorí ọsàn. Ó ránṣẹ́ sí Tanti Albertine, tó ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Kútọnu títí tó fi fẹ̀yìn tì, pé kó bá òun wo ọ̀rọ̀ náà kí Sátidé tó dé.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Tanti Albertine sọ̀ kalẹ̀ lórí zém, alùpùpù akérò, níwájú ilé iṣẹ́, ó di ẹ̀pà sísun mọ́ ọwọ́. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ojú rẹ̀ a sì máa dà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn olè Kútọnu tó gba ojú yẹn gbọ́ ṣì ń kábàámọ̀ títí dòní.

"Mìkáílù, ẹ kú àpérò o. Wọ́n ní o ti ń mu omi àlejò."

"Tanti, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fẹ́ pa mí."

"Wọn ò ní rí ẹ pa. Pe ọmọbìnrin náà wá."

Chérifath wọlé, Latifou tẹ̀ lé e. Omi ti lé sójú ọmọ náà kó tó jókòó.

"Ọmọ mi, kí lo rántí nípa ọjọ́ náà?"

"Oòrùn mú, Tanti. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà, ó ń làágùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sáré fún un ní ọsàn."

"Ọwọ́ wo lo fi fún un?"

"Òsì, Tanti. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti kékeré."

"O ṣeun. Bá mi gbé ife omi yẹn fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Chérifath na òsì, ó gbé ife náà, ó nà án sí Mìkáílù. Ó ṣe é wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti ń ṣe é látọjọ́ tó ti dáyé. Mìkáílù gbà á, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì pátápátá.

"Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Ìyá mi ni. Inú wọn dùn bí wọ́n ṣe rí i tí mo fún àlejò ní nǹkan."

"Ó ṣojú wọn, inú wọn sì dùn," ni Tanti Albertine wí. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Bon. Latifou, ibo lo ti rí i?"

"Ní Banigbé. Mo ti wo gbogbo obìnrin tó ní àpá lábẹ́ ojú òsì ní agbègbè yìí, Tanti. Iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe."

"Òsì nìkan lo wò?"

"Ọ̀tún kọ́ ló wà nínú fíìmù!"

"Òótọ́ lo sọ," ni Tanti Albertine wí. "Ọ̀tún kọ́ ló wà nínú fíìmù."

Bí wọ́n ti jáde, Mìkáílù gbá a mú. "Tanti, àpá yẹn kì í ṣe ojúlówó. Àtíkè ni!"

"Mo ti fọwọ́ kàn án nígbà tí mò ń bá a nu omijé. Àpá àtijọ́ ni, kò lábùlà."

"Á jẹ́ pé Jean-Marc ló tà wá! Òun ló ń bá wa to fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ló mọ gbogbo ojú lógò náà."

"Jẹ́ ká lọ bá a nígbà náà," ni Tanti Albertine wí, ó sì nawọ́ dá zém méjì dúró.

Ṣọ́ọ̀bù Jean-Marc wà lójú ọ̀nà Igolo, ibi tó ti ń to fíìmù, tó sì tún ń bá àwọn èèyàn tún tẹlifóònù ṣe. Ẹgbẹ́ ni òun àti Mìkáílù. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í jà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í jọ jẹun. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi? Kí n ta ọmọ ọlọ́sàn? Mìkáílù, bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ ta nǹkan, ẹnu ẹ ni ǹ bá tà, ó tóbi tó."

"Ó tó, ẹ̀yin ọmọ," ni Tanti Albertine wí. "Jean-Marc, gbé lógò náà sí i."

Jean-Marc tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí àwòrán ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Tanti Albertine di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin.

"Tanti, ẹ̀ ń sùn ni?"

"Etí ni mo fẹ́ fi wò ó. Ìwọ náà, dijú."

Mìkáílù dijú. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kékeré pata-pata lórí iyẹ̀pẹ̀. "Ẹ gbà!" Ẹ̀rín obìnrin, ẹ̀rín tó kọ́kọ́ rọra yọ, tó wá bẹ́ lójijì.

"Irú ọmọ wo lo gbọ́?"

"Ọmọ kan tí... tí inú rẹ̀ ń dùn."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní 'Ẹ gbà.'"

"Kò sọ pé 'Gbà'?"

"Rárá, Tanti. 'Ẹ' ló lò. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Ìyẹn gan-an! Ọmọ ọdún márùn-ún tó mọ 'ẹ' lò fún àgbà tí kò mọ̀ rí, wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa nílé. Jean-Marc, pa ohùn rẹ̀. Mìkáílù, lajú. Irú ọmọ wo lo rí báyìí?"

Mìkáílù wò ó: ọwọ́ òsì ni ọmọ náà nà. Yẹ̀yẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fi ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ wọn, ó ń fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Èsì kan náà ló sì máa ń fún wọn.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni, Tanti."

"Àbúrò mi ọkùnrin, ọlọ́wọ́ òsì ni. Òsì ló fi ń roko, òsì ló fi ń ju òkúta. Ṣùgbọ́n bó bá máa gbé omi fún bàbá wa, ọ̀tún ni. Ìyá wa ti gbá a lọ́wọ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n. A kì í fi òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká fi fún àlejò ní nǹkan jíjẹ! Ó yá, ronú sí i. Ìyá ọmọ yìí dúró níbẹ̀, ó ń wò ó. Ìyá wo, láti ìhín títí dé Kétu, ni ọmọ rẹ̀ máa na òsì sí àlejò, tí kò ní pariwo pé 'Ọwọ́ ọ̀tún ẹ dà?', tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa rín?"

 Tanti Albertine ju ẹ̀pà méjì sẹ́nu pọ̀.

"Etí mi gbọ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ojú mi rí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Èèyàn ò sì lè yí ohùn sódì. Àwòrán ńkọ́, Jean-Marc?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan! Rien du tout! Orúkọ nìkan ni mo kọ sí i."

Tanti Albertine sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ọmọ náà, kẹ̀kẹ́ ológeere kan fara ti ògiri. Ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó rìn síta, níbi tí oníbàárà kan gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sí.

"Mìkáílù, wá dúró níbí. Gbé kẹ̀kẹ́ yìí kó kọjú sí apá òsì ẹ. Ṣé o rí ṣéènì?"

"Rárá. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Yí i kó kọjú sí ọ̀tún."

"Mo ti rí ṣéènì."

"Kẹ̀kẹ́ inú fíìmù, apá ibo ló kọjú sí?"

Mìkáílù ti sáré wọlé. Òsì ni kẹ̀kẹ́ náà kọjú sí, ṣéènì rẹ̀ sì hàn gbangba, ó ń dán. Kò sí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé.

Jean-Marc ká ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! C'est vrai! Mo yí i sódì! Ní ọjọ́ tí mo tò ó, ọwọ́ ọmọ náà wà ní apá òsì tẹlifíṣọ̀n, kò sí bí orúkọ ṣe máa tẹ̀ lé e, torí láti òsì sí ọ̀tún là ń kàwé. Mo kàn yí gbogbo rẹ̀ bìrí kí orúkọ lè yọ lẹ́yìn ọsàn. Mo gbàgbé pátápátá. Ẹ̀yin ò sì bi mí!"

"Ọ̀tún ni ọmọ náà fi fún un," ni Mìkáílù wí jẹ́jẹ́. "Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀tún ni ọwọ́..."

"Parí ẹ̀."

"Ojú ọ̀tún ni àpá wà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu iwájú orí rẹ̀. "Tanti! Agbẹ̀bí Tchaada! Èmi fúnra mi ni mo lé e lọ!"

"Sáré lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà náà," ni Tanti Albertine wí. "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá."

Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo wọn pé sí ilé iṣẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó, Jean-Marc gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka iwájú, Falilatou sì jókòó sí ìkángun pẹ̀lú ìbòrí àwọ̀ ewé rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ti gbà láti wá. Kò tíì gbà ju ìyẹn lọ.

"Latifou," ni Tanti Albertine wí, "tún un sọ kí ọ̀gá gbọ́. Ojú wo ni àpá ọmọ náà wà?"

"Òsì."

"Bí ẹlòmíràn bá wá pẹ̀lú ti ọ̀tún ńkọ́?"

"Òpùrọ́ ponbele ni."

"Jean-Marc, fi kẹ̀kẹ́ hàn wọ́n."

Jean-Marc fi hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé bó ṣe yí àwòrán náà, ó ń bẹ̀bẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Latifou ti ń làágùn sínú aṣọ funfun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Ó ní kẹ̀kẹ́ lè jẹ́ irú mìíràn. Ó ní nǹkan pọ̀ láyé. Tanti Albertine kò dá a lóhùn, ó yíjú sí Chérifath bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú.

"Ọmọ mi, jẹ ẹ̀pà."

"Ẹ ṣeun, Tanti," ni Chérifath wí. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi ọ̀tún gbà á. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo Latifou. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó tán! Latifou, mo sọ fún ẹ pé òsì yìí máa kó bá wa! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń fi òsì jẹun, inú ń run mí!" Ó kọjú sí àwọn tó kù. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Òṣèré ni mí. Ó rí àpá tí mo gbà nígbà tí mo ṣubú ní kékeré, ó ní ipa ńlá ni òun ní fún mi. Mi ò rí ipa ṣe láti ọjọ́ yìí, mo bá gbà."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ó kọ́kọ́ rọra yọ, ó wá bẹ́ lójijì. Gbogbo ilé yíjú sí kọ̀ǹpútà, torí kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀rín náà.

"Èmi kọ́ o," ni Jean-Marc wí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Falilatou ló ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbòrí bo ẹnu, ẹ̀rín náà kò sì ṣeé dá dúró. Ẹ̀rín inú fíìmù ni gẹ́lẹ́, bí ìyá ṣe ń rín in ni ọmọ ṣe ń rín in. Kò kan ọ̀rọ̀ ojú ọ̀tún tàbí ojú òsì mọ́. Latifou dìde, ó sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé òun ti gba ẹjọ́ òun padà, ó sì wá ọ̀nà ilẹ̀kùn. Lọ́fínńdà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù sí yàrá.

"Chérifath, má bá a lọ," ni Mìkáílù wí. "Ẹni tó lè sunkún báyẹn láìṣe nǹkan kan, mo ní iṣẹ́ fún un."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Falilatou, ẹ̀rù sì tún bà á ju ti ìgbà tí Latifou wọlé lọ. Obìnrin yìí ló ni ojú náà lóòótọ́. Bó bá ní kí wọ́n yọ ọ́, kò sí Tanti Albertine tó lè gbà á sílẹ̀.

"Àbúrò, mo ṣẹ̀ ọ́. O sọ òótọ́ fún mi, mo fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà lójú èèyàn. Jọ̀ọ́, má bínú. Ọ̀rẹ́ mi ló yà ọ́, ó ti kú. Ṣé wàá jẹ́ ká fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀?"

Falilatou mú ìbòrí kúrò lẹ́nu.

"Ilé ẹ̀kọ́ collège ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú," ni ó wí. "Kò sí ibòmíràn tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Gbogbo fíìmù yín ni mo ní nílé, ẹ̀gbọ́n. N kì í wò ó kọjá ibẹ̀."

Mìkáílù kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún, tàbí kí òun bínú nítorí fíìmù tó kù.

"Mo gbà. Ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yí mi padà! Láti kékeré ni mo ti ń fi òsì fún àgbà ní nǹkan lójú gbogbo ayé, ìyá mi ni wọ́n sì ń bú pé wọn ò kọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi o. Wọ́n kọ́ mi dáadáa."

"Orúkọ á wá bọ́ sí apá òsì nìyẹn," ni Jean-Marc kùn, "kò ní dára lójú..."

"Yí i," ni Mìkáílù, Tanti Albertine, Chérifath àti ọ̀gá ọlọ́pàá wí pọ̀.

Jean-Marc yí i. Ó kó àwọn lẹ́tà pupa lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń ráhùn, ó ń tún wọn ṣe, títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò. Mìkáílù sún àga rẹ̀ mọ́ iwájú. Láti ọjọ́ tó ti ń wo lógò yìí, kò tíì rí i rí bí Fákáyọ̀dé ṣe rí i gan-an lọ́jọ́ náà, nígbà tó fi ojú kan lé ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Ọmọ náà sáré bọ̀ láti iwájú ògiri. Ó na ọ̀tún. "Ẹ gbà!"

"Mo gbà á," ni Mìkáílù dáhùn, omijé ayọ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ nù ún, ó sì ní kí Jean-Marc tún gbé e sí i.